Kọ̀ǹpútà Kẹ̀kẹ́ Tó Ní GPS Fún Ìrìn Jíjìn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Fún Àwọn Agunkẹ̀kẹ́ Abẹ́òkúta

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere jáde kúrò ní Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, Ṣàgámù, Ayétòrò tàbí Ìgbó-Ọrà sábà máa ń béèrè nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, tàbí nígbà tí wọ́n bá ti rà á tán tí kò ṣe bí wọ́n ti rò. Ìdáhùn kan gùn, òmíràn kò ju gbólóhùn díẹ̀ lọ.

Kí ni kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ yìí ń ṣe gan-an?

Ó ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè ọ̀run, ó ń fi àmì náà mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ wà, ó ń ṣírò eré tí ẹ ń sá, ibi tí ẹ ti rìn dé àti òkè tí ẹ ti gùn, ó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan tí ẹ lè ṣí wò nígbà tí ẹ bá délé. Èyí tó bá lówó lórí máa ń ní máàpù, a sì máa sọ ibi tí ẹ ó yà sí kí ẹ tó dé oríta. Ohun kan wà tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ kó tó san owó: ẹ̀rọ yìí mọ ibi tí ẹ wà, kò mọ bí ọ̀nà ṣe rí níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀dùn tí mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn agunkẹ̀kẹ́ ló jẹ́ pé wọ́n béèrè ohun kejì lọ́wọ́ ẹ̀rọ tí a ṣe fún ohun àkọ́kọ́.

Ṣé ó nílò dátà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó lè ṣiṣẹ́?

Rárá. Ìjọba Amẹ́ríkà ló ni GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tí ẹ̀rọ yìí ń gbọ́, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé. Àwọn sátẹ́láìtì rẹ̀ ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà sókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yí i po lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, wọ́n sì ń fi àmì ránṣẹ́ láìdáwọ́ dúró. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ yín kò ju kó gbọ́ àmì náà lọ. Kò ní ìdáhùn kankan láti fi ránṣẹ́ padà. Tó bá ti gbọ́ sátẹ́láìtì mẹ́rin, ó lè ṣírò ibi tó wà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ òde òní tún máa ń gbọ́ ti Rọ́ṣíà tí wọ́n ń pè ní GLONASS, ti Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní Galileo, àti BeiDou ti Ṣáínà, èyí tó ń ṣèrànwọ́ níbi tí igi tàbí ilé gíga bá ti bo apá kan ojú ọ̀run.

Títí di oṣù karùn-ún ọdún 2000, àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da àmì tí gbogbo ayé ń gbà rú díẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, ẹ̀rọ tó dára lè mọ ibi tó wà pẹ̀lú àṣìṣe tí kò ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ níbi gbangba. Ìgbà tí ẹ máa nílò dátà ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kí ará ilé máa wo ibi tí ẹ wà, tàbí tí ẹ fẹ́ gbé ìrìn yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù yín ló sì máa ń ṣe ìyẹn.

Kí ló dé tó fi ń pẹ́ kó tó rí sátẹ́láìtì láàárọ̀?

Ẹ̀rọ náà ní láti gba ìròyìn láti ẹnu sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan nípa ibi tí sátẹ́láìtì náà wà, ìròyìn yìí sì máa ń rọra wọlé, ó ń gbà tó ìdajì ìṣẹ́jú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kódà nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Tí ẹ kò bá tíì tan ẹ̀rọ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tí ẹ bá gbé e rin ìrìn-àjò jíjìn láìtàn án, ìròyìn tó wà nínú rẹ̀ ti gbó, ó sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kó tó mọ ibi tó wà. Ẹ tàn án níta, kì í ṣe nínú pálọ̀ tàbí lábẹ́ páànù, kí ẹ gbé e kalẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í wa kẹ̀kẹ́ kó tó sọ pé òun ti ṣetán, nítorí pé àmì nira láti mú fún ẹ̀rọ tó ń rìn. Tí ẹ bá so ó mọ́ fóònù lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, púpọ̀ nínú wọn á gba ìròyìn sátẹ́láìtì ọjọ́ mélòó kan sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á sì mọ ibi tí wọ́n wà láàárọ̀.

Ṣé fóònù mi kò lè ṣe iṣẹ́ yìí?

Ó lè ṣe é fún wákàtí kan tàbí méjì, n kò sì rí ìdí tí ẹni tó kàn ń gun kẹ̀kẹ́ láti Ìbarà dé Ọbáńtokó fi gbọ́dọ̀ náwó sí ẹ̀rọ mìíràn. Tó bá di ìrìn àárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà. Fóònù tí ojú rẹ̀ ń tàn lábẹ́ oòrùn ọ̀sán máa ń gbóná, tó bá sì gbóná tán, fúnra rẹ̀ ni yóò dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù títí ẹ kò fi ní lè ka ohunkóhun mọ́, bátìrì rẹ̀ á sì máa já wálẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí. Ojú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ yàtọ̀: oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń ràn wọ́n lọ́wọ́ láti hàn, tó fi jẹ́ pé bí oòrùn bá ṣe mú tó ni wọ́n ṣe ń hàn tó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, fóònù ni ẹ ó fi pe ènìyàn tí kẹ̀kẹ́ bá dákú sí ọ̀nà Ayétòrò. Ẹ fi ọ̀rá wé e, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sápò, kí bátìrì rẹ̀ lè kún de ìgbà tí ẹ máa nílò rẹ̀.

Irú èwo ni kí n rà?

Garmin, Wahoo, Hammerhead, Bryton àti iGPSPORT wà lára àwọn orúkọ tí ẹ máa rí. Iye owó wọn ń yí padà bí náírà ṣe ń yí padà, nítorí náà n kò ní dárúkọ iye kan. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹ yan èyí tó ní bọ́tìnnì tí a ń tẹ̀ dípò èyí tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ nìkan ni a ń fọwọ́ kàn. Ọwọ́ tó láàgùn kì í bá ojú ẹ̀rọ rẹ́, ẹ̀kán òjò sì lè máa tẹ ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ẹ tó mọ̀ ó ti dá ìrìn yín dúró. Ohun kejì ni pé kí ẹ wo bátìrì rẹ̀: tí ilé-iṣẹ́ bá kọ wákàtí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sára páálí rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ tí kò sì so mọ́ ohunkóhun ni wọ́n ń sọ.

Ní ti máàpù aláwọ̀ mèremère, mi ò rò pé ó tó ohun tí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ torí rẹ̀ jẹ gbèsè. Ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó lè fi ìlà ọ̀nà tí ẹ ti fà sílẹ̀ hàn, tí ẹ sì ń rí ara yín bí àmì kékeré lórí ìlà náà, ti tó láti gbé yín dé Ìbàdàn kó sì gbé yín padà.

Ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé máàpù rẹ̀ ní agbègbè wa?

Lójú títì ńlá, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú abúlé, kò yẹ kí ẹ fọkàn tán an láìbéèrè.

Máàpù tó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ ló ti ara OpenStreetMap wá, iṣẹ́ àjọṣe tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2004, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fa ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ sórí máàpù kí gbogbo ayé sì máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ibi tí àwọn tó ń ṣe é bá pọ̀ sí ni ó ti ń péye. Ọ̀nà tó gba Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ àti Ọ̀dẹ̀dá lọ sí Bákàtàrì, Omi-Adió àti Àpáta ní Ìbàdàn wà níbẹ̀ bó ṣe yẹ, èyí tó gba Kóbapẹ́ àti Síún lọ sí Ṣàgámù náà sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti yà kúrò lójú ọ̀dà, ìlà kan náà tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ lè jẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà, ó lè jẹ́ ipa tí àwọn ọlọ́kadà là fúnra wọn, ó sì lè jẹ́ ọ̀nà oko tí igbó ti bò láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó fà á jókòó sí orílẹ̀-èdè mìíràn, kó máa wo fọ́tò tí sátẹ́láìtì yà, kó má sì tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Ẹ̀gbá rí. Fọ́tò òkè lè fi hàn pé ọ̀nà wà. Kò lè sọ pé afárá rẹ̀ ti wó.

Báyìí ni ó ṣe máa ń rí. Ìlà ojú ẹ̀rọ ní kí ẹ yà sósì lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, ẹ sì yà. Erùpẹ̀ pupa ni, ó le dáadáa, táyà ń sáré lórí rẹ̀. Nígbà tó yá, ipa táyà ọkọ̀ tán, ó ku ipa ọ̀kadà nìkan, koríko sì ń gbá yín lẹ́sẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ni ẹ bá dé etí omi tí wọ́n fi igi méjì dá, ìyá àgbà kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà gbójú sókè, ó ní: “Ẹ kú ewu o, ẹ̀yin ọmọ mi. Omi ti gbé tiwájú lọ, ẹ padà sẹ́yìn.” Lákòókò yìí gan-an, ẹ̀rọ náà ṣì ń sọ fún yín pé kí ẹ máa lọ tààrà fún kìlómítà mẹ́ta sí i.

Ohun mìíràn tó tún ń dá kún un ni pé ọ̀pọ̀ ètò tó ń yan ọ̀nà fún agunkẹ̀kẹ́ máa ń wo ibi tí àwọn agunkẹ̀kẹ́ mìíràn ti gbà kọjá, wọ́n á sì tẹ̀ lé ipa wọn. Ìlànà yìí dára ní ìlú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń gbé ìrìn wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Níbi tí ipa kò bá pọ̀, ètò náà kò ní ohun tó máa tẹ̀ lé, á kàn mú ọ̀nà tó kúrú jù fún yín, ọ̀nà tó sì kúrú jù kì í fìgbà gbogbo jẹ́ èyí tó yá jù.

Báwo wá ni kí n ṣe ṣètò ọ̀nà kí n tó jáde nílé?

Ẹ ṣe é lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ńlá nílé, kì í ṣe lẹ́bàá títì. Àwọn ètò bíi Komoot, Ride with GPS àti Strava máa ń jẹ́ kí ẹ fa ọ̀nà láti ibì kan dé ibòmíràn, kí ẹ sì gbé e jáde bíi fáìlì GPX, tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ tí mo dárúkọ lókè lè kà. Tí ẹ bá ti fà á tán, ẹ tan fọ́tò òkè sórí rẹ̀ kí ẹ tẹ̀ lé ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pàápàá níbi tó bá ti kúrò lójú ọ̀dà. Níbi tó bá ti gba orí omi kọjá, ẹ dúró kí ẹ wò ó dáadáa bóyá afárá wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ gbà kọjá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò túmọ̀ sí pé ẹ máa rí i gbà nínú oṣù keje.

Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà. N kò fi ṣeré rárá. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró ní oríta mọ ọ̀nà tó ṣe é gbà lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n mọ èyí tí típà òkúta ti bàjẹ́, wọ́n sì mọ ibi tí kò yẹ kí àlejò dé. Ẹ kí wọn dáadáa kí ẹ tó béèrè.

Ẹ fi àmì sí ibi tí ẹ ó ti rí omi mu, ibi tí ẹ ó ti jẹun àti ibi tí fọgaǹáísà wà, nítorí pé ẹ̀rọ náà gba irú àmì bẹ́ẹ̀, yóò sì máa sọ fún yín iye kìlómítà tó kù kí ẹ tó débẹ̀. Tí ọ̀nà bá gùn ju 100 kìlómítà lọ, mo fara mọ́ kí ẹ gé e sí fáìlì méjì, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Tí àlọ àti àbọ̀ bá gba ojú ọ̀nà kan náà nínú fáìlì kan ṣoṣo, orí ẹ̀rọ mìíràn máa ń dàrú, kò ní mọ èyí tí ẹ wà lórí rẹ̀.

Mo yà kúrò lójú ìlà díẹ̀ láti ra omi, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ lọ sínú ètò rẹ̀ kí ẹ pa ibi tó ti ń tún ọ̀nà ṣírò fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbàkigbà tí ẹ bá yẹ̀ fún kòtò tó gba gbogbo ojú ọ̀nà, tàbí tí wọ́n dí Láfẹ́nwá pa tí ẹ sì gba ẹ̀yìn, á máa fa ọ̀nà tuntun tí ẹ kò yẹ̀ wò rí, bátìrì á sì máa lọ sórí ìṣírò náà. Tí ẹ bá ti pa á, ìlà yín á dúró síbi tó wà, ẹ ó rí i bó ṣe jìnnà sí yín tó, ẹ ó sì fi ojú ara yín wá ọ̀nà padà sórí rẹ̀.

Báwo ni mo ṣe lè jẹ́ kí bátìrì tó ìrìn ọlọ́jọ́ kan?

Ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ló ń jẹ bátìrì jù, ẹ pa á ní ọ̀sán. Ẹ já a kúrò lára fóònù tí ẹ kò bá nílò rẹ̀. Tí ẹ̀rọ yín bá ní àyè láti gbọ́ gbogbo sátẹ́láìtì lórí ìgbì rédíò méjì lẹ́ẹ̀kan náà (tí wọ́n ń pè ní dual-band), ẹ fi ìyẹn pamọ́ fún àárín ilé gíga, kò wúlò lójú ọ̀nà gbangba tó lọ sí Ṣàgámù. Ẹ fi páwá báǹkì kékeré sínú àpò kẹ̀kẹ́, kí ẹ sì dán an wò nílé bóyá ẹ̀rọ yín ń gba iná láìdá ìrìn tó ń kọ dúró, nítorí pé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kan máa ń kú tí ẹ bá ti ki okùn USB bọ̀ wọ́n. Nítorí iná ìjọba tí a mọ bó ṣe ń ṣe, ẹ fi ẹ̀rọ náà sórí iná nígbà tí iná bá wà lọ́jọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe ní agogo mẹ́rin ìdájí ọjọ́ ìrìn. Ẹ má sì gbé e sínú ọkọ̀ tí wọ́n páàkì sóòrùn: ooru máa ń dín ẹ̀mí bátìrì lithium kù pátápátá.

Òjò ń kọ́?

Ẹ wo páálí bóyá IPX7 wà lára rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìbàjẹ́, òjò kankan kò sì tó bẹ́ẹ̀. Ibi tó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ojú ibi tí wọ́n ń ki ṣájà sí. Tí rọ́bà tó bò ó bá ti ya, tàbí tí ẹ kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa, omi á wọlé. Tí òjò bá pa yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi í sórí iná.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ mi ń sọ pé mo gun òkè nígbà tí mo jókòó sílé?

Ìbéèrè yìí dùn mọ́ mi. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí kì í fi sátẹ́láìtì wọn gíga, nítorí pé GPS kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ gíga bó ṣe mọ ibi tí ènìyàn wà lórí ilẹ̀. Ohun tí wọ́n ń lò ni ìwọ̀n bí atẹ́gùn ṣe wúwo tó. Bí a bá ṣe ń gòkè ni atẹ́gùn ṣe ń fúyẹ́; ní irú ilẹ̀ tí Abẹ́òkúta wà, tí ìwọ̀n náà bá fi 1 hPa (hectopascal, òṣùwọ̀n ìwúwo atẹ́gùn) dín kù, ẹ̀rọ á kà á sí pé ẹ ti gòkè nǹkan bíi mítà mẹ́jọ.

Ọ̀rọ̀ wá ni pé ìwúwo atẹ́gùn máa ń yí padà láìsí pé ẹnikẹ́ni gòkè. Ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, ó máa ń ga ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀, á sì wálẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìyàtọ̀ tó tó nǹkan bíi 3 hPa. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì yín láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lè rò pé òun ti gun ohun tó lé ní ogún mítà. Tí òjò ńlá bá tún ṣú bò yín lójú ọ̀nà, ìwúwo atẹ́gùn á tún yí padà. Nítorí náà, tí ẹ bá padà dé ẹnu ọ̀nà ilé yín tí ẹ̀rọ náà sì sọ pé ẹ fi ogún mítà ga ju ìgbà tí ẹ jáde lọ, kò bàjẹ́.

Ìgbà tó máa ń bàjẹ́ ni ìgbà tí ihò rẹ̀ bá dí. Ẹ yí ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀, ẹ ó rí ihò kékeré kan tàbí méjì tí kò ju ẹnu ìgbálẹ̀ lọ; ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé. Erùpẹ̀ pupa ìgbà òjò máa ń gbẹ síbẹ̀, eruku ọyẹ́ náà sì ń wọ̀ ọ́, òógùn tó ń kán láti iwájú orí yín á sì lẹ̀ wọ́n pọ̀. Tí ó bá ti dí, ẹ ó rí i pé gíga kò yí padà rárá lórí òkè gidi, tàbí pé ó ń fò sókè sódò nínú òjò. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má ki abẹ́rẹ́ tàbí ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́ láé, nítorí pé awọ tó wà nínú rẹ̀ fẹ́lẹ́.

Bí òkè ṣe dúró ṣánṣán tó, tí ẹ̀rọ ń kọ sílẹ̀, kò bá ohun tí ẹsẹ̀ mi ń sọ mu.

Ẹsẹ̀ yín ló tọ̀nà. Ẹ̀rọ náà nílò ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan láti fi gíga wé ọ̀nà tí ẹ ti rìn. Lórí òkè gígùn kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n àwọn òkè inú Abẹ́òkúta kúrú, wọ́n sì dúró ṣánṣán. Ní Òkè-Ìlewó tàbí ní àwọn ẹ̀gbẹ́ àpáta inú ìlú àtijọ́, nọ́ńbà tó ga jù lè má jáde títí ẹ ó fi dé orí òkè tí ẹ ń mí hẹlẹhẹlẹ.

A jọ rìn ni, ṣùgbọ́n kìlómítà tèmi yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì mi. Ta ló tọ̀nà?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹnìkan nínú yín ní sẹ́ńsọ̀ lára wíìlì. Ẹni tí kò ní in, GPS ló ń bá a ṣírò, ìyẹn sì lè fi díẹ̀ dín kù lábẹ́ igi tàbí ní kọ́nà tó ṣẹ́ kọ́rọ́, nítorí pé ìlà tààrà ló ń fà láti àmì kan sí èkejì. Ẹni tó ní in, bí wíìlì rẹ̀ ṣe ń yí ló ń kà, á sì fi iye ìyípo náà lọ́po ìwọ̀n àyíká táyà. Tí ẹ bá fi ìwọ̀n tí kò tọ́ sínú rẹ̀, àṣìṣe náà á bá yín dé òpin ọ̀nà. Táyà tí wọ́n kọ 700×25 sí lára ń rin nǹkan bíi 2,105 mílímítà ní ìyípo kan, 700×32 sì ń rin 2,155. Tí ẹ bá ń lo táyà àkọ́kọ́ pẹ̀lú ìwọ̀n ti èkejì, 100 kìlómítà yín á di ohun tó lé ní 102 lójú ẹ̀rọ.

Ọ̀nà tó dára jù láti mọ ìwọ̀n tiyín kò gba owó. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí táyà dáadáa, kí ẹ fi ẹfun fàlà sára rẹ̀ àti sílẹ̀, kí ẹnìkan jókòó sórí kẹ̀kẹ́ náà, kí ẹ tì í tààrà títí àlà táyà á fi tún kan ilẹ̀, kí ẹ sì fi téèpù wọn ibi tó dé.

Mo ṣàkíyèsí pé ìlà mi máa ń wọ́ lálẹ́. Ṣé ojú mi ni?

Kì í ṣe ojú yín. Àmì sátẹ́láìtì ń gba inú ìpele òfuurufú kan kọjá lókè lọ́hùn-ún tí oòrùn ń kún fún iná mọ̀nàmọ́ná, ìpele yìí sì máa ń rú lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nítòsí agbede-méjì ayé. Nàìjíríà wà lára wọn. Ó máa ń hàn jù láàárín nǹkan bí agogo mẹ́jọ alẹ́ sí ọ̀gànjọ́, pàápàá ní oṣù kẹta, ìkẹrin, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó sì ń pọ̀ sí i ní àwọn ọdún tí oòrùn bá ń bínú. Àmì lè máa lọ máa bọ̀, ìlà yín lè fò kúrò lójú títì bọ́ sínú igbó fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Kò sí ohun tí ẹ lè ṣe sí i ju kí ẹ má gbára lé e fún yíyà ní oríta tí ẹ kò mọ̀ lálẹ́. Oòrùn Abẹ́òkúta máa ń wọ̀ láàárín agogo mẹ́fà àbọ̀ sí agogo méje kọjá díẹ̀ jákèjádò ọdún, ẹ sì ti yẹ kí ẹ wọlé nígbà náà lọ́nàkọnà, nítorí àwọn tírélà tí kò ní iná ẹ̀yìn.

Àwọn nọ́ńbà wo ló yẹ kó wà lójú rẹ̀?

Mẹ́rin tó: kìlómítà tí ẹ ti rìn, aago, eré tí ẹ ń sá, àti kìlómítà tó kù kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ti fi àmì omi sí. Ẹni tó kó mẹ́wàá sójú kan kò ní lè ka ìkankan nínú wọn pẹ̀lú kòtò tó wà níwájú. Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà tóbi.

Ṣé ó yẹ kí n ra sẹ́ńsọ̀ ìlù ọkàn?

Tí owó bá wà, ó wúlò nínú ooru. Nígbà tí ara bá ń gbóná jù tí omi sì ń tán lára, ọkàn á máa yára sí i bó tilẹ̀ jẹ́ pé eré yín kò pọ̀ sí i, ẹ ó sì rí i lójú ẹ̀rọ kí orí tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ yín. Èyí tí ń fi bẹ́líìtì de àyà péye ju ti ọrùn ọwọ́ lọ. Ní ti kálórì tí ẹ̀rọ ń kọ, ẹ má fi pinnu iye iyán tí ẹ máa jẹ; ìméfò tó pọ̀ wà nínú rẹ̀.

Ṣé kò léwu láti fi ọ̀nà mi hàn fún gbogbo ayé?

Ó léwu, ó sì yẹ kí ẹ ṣe nǹkan sí i kí ẹ tó gbé ìrìn àkọ́kọ́ yín jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 2018, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé máàpù tí Strava gbé jáde láti inú ìrìn àwọn oníbàárà rẹ̀ ń fi ibùdó àwọn ọmọ ogun hàn, nítorí pé àwọn sójà ń sáré yí ọgbà wọn ká pẹ̀lú ẹ̀rọ lọ́wọ́. Tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ogun, á fi ilé yín hàn, á fi wákàtí tí ẹ ń jáde hàn, á sì fi ọ̀nà àdádó tí ẹ máa ń gbà ní gbogbo ọjọ́ Sátidé hàn. Ẹ pa àyíká ilé yín mọ́ nínú ètò áàpù náà, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé àwọn tí ẹ mọ̀ nìkan ló lè rí ìrìn yín, kí ẹ sì gbé e jáde lẹ́yìn tí ẹ bá ti délé.

Ọ̀tọ̀ ni ti kí ará ilé máa wo ibi tí ẹ wà, ìyẹn dára. Ẹ fi ìlínkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó, ọkọ tàbí ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, kí ẹ sì ṣàlàyé fún wọn tẹ́lẹ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ láàárín Bákàtàrì sí Omi-Adió, kí ó má di pé àmì dúró síbì kan fún ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n sì ti máa sunkún. Ẹ bá wọn ṣàdéhùn wákàtí kan pàtó: tó bá kọjá rẹ̀ tí àmì kò rìn tí fóònù kò sì wọlé, kí wọ́n pe ẹni tí ẹ ti fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀.

Mo fẹ́ ra tokunbọ̀. Kí ni kí n yẹ̀ wò?

Ẹ tàn án níta níwájú ẹni tó ń tà á, kí ẹ rí i pé ó mọ ibi tó wà. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì. Ẹ wo etí tó fi ń há mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, nítorí tí ike ibẹ̀ bá ti sán, kòtò kan ṣoṣo ni yóò fi bọ́ sílẹ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ fi so ó mọ́ kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú. Ẹ rí i pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀, kí ẹ sì pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Tó bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ ṣe èyí, ẹ gbé e fún un padà. Bátìrì ni kí ẹ fi pinnu iye tí ẹ máa san: ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀ kó máa kọ ìrìn fún wákàtí kan, kí ẹ wo iye tó lọ, kí ẹ sì fi ìyẹn ṣírò bóyá ó lè gbé yín lọ sí Ìbàdàn kó sì gbé yín padà.